Àwo Olódòdó tó wà Nísàlẹ̀ Púùlù

"Ìtọ̀ yín ni."

Ọ̀rọ̀ tí Bàbá Ẹ-Lọ-Wẹ̀ sọ fún alága ẹgbẹ́ ìlúwẹ̀ẹ́ wa nìyẹn, lójú àna alága, lójú ìyàwó alága, lójú gbogbo àwa tí a wà létí omi lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan. Bàbá ti kú báyìí, oríṣiríṣi ni wọ́n sì ń sọ ìtàn náà kiri. Àwọn kan ní ó rọra sọ ọ́ ni. Irọ́ ni. Àwọn kan ní ó tọrọ àforíjì lójú ẹsẹ̀. Irọ́ tó ju irọ́ lọ nìyẹn. Èmi ni mo ń já tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà ibi ìlúwẹ̀ẹ́ yẹn, kò sì sí ariwo tí wọ́n pa níbẹ̀ tí kò kọjá létí mi. Inú ń bí mi sí àwọn tó ń fi oyin pa ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí lára nísinsìnyí tó ti wọlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Alága, ẹni tó ń ta sìmẹ́ǹtì, ló mú bàbá ọkọ ọmọ rẹ̀ wá gbafẹ́. Bàbá Àna ni gbogbo wa ń pe ọkùnrin náà, èèyàn jẹ́jẹ́, oníkùn ńlá. Wọ́n ti wà nínú omi, wọ́n ń ṣeré, ni alága bá bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú.

"Ta ló ń da kẹ́míkà sínú omi yìí bí ẹni ń da iyọ̀ sọ́bẹ̀?" ó pariwo. "Ojú ń ta mí! Òórùn rẹ̀ ń gún mi nímú! Ó ti pọ̀ jù!"

Bàbá jáde láti yàrá ẹ̀rọ, ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, fèrè ń mì lọ́rùn rẹ̀. "Alága, kò pọ̀ jù. Ó kéré jù ni."

"Ó kéré báwo? Ṣé imú mi ló ń purọ́ ni?"

"Imú yín ò purọ́. Kiloríìnì tó bá dá wà nínú omi mímọ́, ẹ ò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ìgbà tó bá ń bá òógùn àti ìtọ̀ jà, tí agbára rẹ̀ ò sì ká a mọ́, ló máa ń rùn. Ohun tí ẹ ń gbọ́ yẹn, ìtọ̀ yín ni."

Bàbá Àna wo alága, ó wo omi tó yí wọn ká, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọra sún sẹ́yìn. Àwọn yòókù náà ń di àtẹ̀gùn mú lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí a tó ṣẹ́jú, alága nìkan ló kù nínú púùlù.

Bí ẹ bá ń wò ó pé kí ló dé tí mo ń pe Bàbá ní "ó," ojúgbà mi ni. Mi ò fi "wọ́n" pè é nígbà tó wà láyé, mi ò sì ní bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí tí kò lè bá mi jà mọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tọ́jú omi púùlù, ìbínú sì ni iṣẹ́ rẹ̀ kejì. Láàárọ̀, á bínú sí ewé tó já bọ́ sínú omi, á bínú sí igi tó gbọn ewé náà sílẹ̀, á bínú sí atẹ́gùn tó gbé e wá. Á máa fi àwọ̀n onígi gígùn kó wọn, á sì máa bá igi náà sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ayálégbé sọ̀rọ̀: "Ìwọ yìí, ṣé mo jẹ ẹ́ ní nǹkan ni? Ṣé inú omi mi nìkan ni ilẹ̀ wà?"

Ibi tí orúkọ rẹ̀ ti wá kò pamọ́. Ẹni tó bá ti wọlé, kó tó kí i, yóò gbọ́ "Ẹ lọ wẹ̀!" Ṣáwà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ kan omi púùlù láìjẹ́ pé ó ti kọ́kọ́ dúró lábẹ́ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ báńkì kan wà tí òun àti Bàbá máa ń fà á lójoojúmọ́.

"Mo ti wẹ̀ nílé, Bàbá."

"Ọkọ̀ wo lẹ wọ̀ wá?"

"Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn."

"Nínú oòrùn yìí? Ẹ lágùn àbí ẹ ò lágùn?"

"Mo lágùn díẹ̀."

"Ẹ lọ wẹ̀!"

"Ṣebí inú omi náà ni mo ń lọ! Ta ló ń wẹ̀ kó tó lọ wẹ̀?"

"Ṣé inú ọbẹ̀ lẹ ti máa ń fọwọ́ yín nílé ni?"

Nígbà tó rí i pé àwọn kan ń yọ́ kọjá, ó so agogo mọ́ ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fi ń fa omi ṣáwà, kó lè máa gbọ́ ọ láti yàrá ẹ̀rọ. Ẹ má fi ọgbọ́n èèyàn ṣeré. Òṣìṣẹ́ báńkì kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbo agogo láìfa omi. Bàbá gbọ́ agogo, ó jáde, ó pè é, ó fi ìka kan ẹ̀yìn etí rẹ̀. Ó gbẹ bí ẹ̀yìn àpótí. "Agogo ló wẹ̀," Bàbá ní. "Ẹ̀yin ò tíì wẹ̀."

A bẹ̀ ẹ́ pé kó dín ariwo kù. Ó dá wa lóhùn pé bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Kí àwa wẹ̀, òun á dákẹ́. A ò wẹ̀, òun náà ò sì dákẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ ò rí i nígbà tó bá ń dán omi wò. Á bu omi sínú ìgò tín-ín-rín méjì, á kán oògùn sí méjèèjì, á gbé wọn sókè síbi ìmọ́lẹ̀, gbogbo ìbínú á sì kúrò lójú rẹ̀. Ọ̀kan á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ìyẹn ló ń sọ bí kiloríìnì ṣe tó. Èkejì á ní àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́, ìyẹn ló ń sọ bóyá omi kan jù tàbí kò kan tó. "Omi tó bá kan jù," á ní, "á jẹ irin, á jẹ ojú. Èyí tí kò bá kan rárá, á ṣú, kiloríìnì á sì sùn nínú rẹ̀ bí ọ̀lẹ. Àárín ni kí ẹ bá mi wá." Bó bá fẹ́ kí omi kan sí i, á fi ásíìdì díẹ̀díẹ̀ sínú garawa omi, kò jẹ́ da omi lé ásíìdì lórí láé. "Omi ni onílé, ásíìdì ni àlejò. Àlejò ló ń wọlé tọ onílé." Ti ásíìdì àti kiloríìnì, yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló kó wọn sí. Ó ní orogún tí ó bá pàdé ara wọn nínú garawa kan, gbogbo ilé ló máa sá jáde.

Oòrùn sì ni ọ̀tá rẹ̀ àgbà. Oòrùn máa ń jẹ kiloríìnì lójú ọ̀sán, òótọ́ nìyẹn, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ ló máa ń da èyí tó pọ̀ síbẹ̀. Àmọ́ ó sọ ọ́ di àwáwí fún gbogbo nǹkan. Ọṣẹ ilé ìwẹ̀ tán? "Oòrùn ló jẹ ẹ́." Bisikíìtì tí mo gbé sábẹ́ tábìlì mi ńkọ́? "Oòrùn ló jẹ ẹ́." Èérún wà ní irùngbọ̀n rẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́.

Ẹni kan ṣoṣo tí kò bẹ̀rù rẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀, Ìyá Aránṣọ. Aránṣọ tó gbájúmọ̀ ni, ó sì fẹ́ràn oge. Kò sí ọjọ́ tí èékánná rẹ̀ kì í pọ́n fún kútẹ́ẹ̀sì. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló kọ lù ú, ó mú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Dókítà ní kó máa rìn nínú omi ní àràárọ̀, pé omi á bá a gbé ara, ẹsẹ̀ náà á sì máa rántí iṣẹ́ rẹ̀. Lórí ilẹ̀, ọ̀pá ló fi ń rìn, ìṣísẹ̀ kan á pẹ́ kó tó rí èkejì. Nínú omi, obìnrin náà ń rìn geere, ó sì ń jà. Ojú mi báyìí ni ẹsẹ̀ yẹn ń padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀. Kò sí púùlù mìíràn ládùúgbò wa, torí pé ó jẹ́ ìyàwó olùtọ́jú omi ni ẹgbẹ́ sì ṣe ń jẹ́ kó wọlé. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ Bàbá, omi bọ́ lọ́wọ́ Ìyá nìyẹn. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Bàbá náà mọ̀ ọ́n, ó sì tún ń bá alága fa ọ̀rọ̀ ìtọ̀. Ìyẹn ló ń bí mi nínú jù.

Ìjà Bàbá àti Ìyá kò ju orí àwo kan lọ. Ìyá ní àwo tánńganran mẹ́fà láti ìgbà ìgbéyàwó rẹ̀, funfun, òdòdó pupa kan láàárín. Bàbá gbé ọ̀kan láìtọrọ, ó sì lọ rì í sí ìsàlẹ̀ púùlù níbi tó jìn jù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò tí omi ń gbà lọ sínú ẹ̀rọ. Ní àràárọ̀, á dúró létí omi, á wò ó. Bó bá rí òdòdó, á ṣílẹ̀kùn. Bí kò bá rí òdòdó, ọba ìbáà wá, kò wọlé. Ó ní omi tí a kò rí ìsàlẹ̀ rẹ̀, èèyàn lè wà níbẹ̀ kí a má mọ̀.

"Bàbá yìí, ẹ gbé àwo mi wá," Ìyá á ké láti inú omi, bó ti ń rìn lọ, tó ń rìn bọ̀. "Márùn-ún ló kù nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi. Ta ló ń fi àwo márùn-ún ṣe àlejò?"

"Àlejò wo ló ń bọ̀ wá kí wa? Mo ti bá gbogbo wọn jà."

"Ẹ lè lo òkúta. Ẹ lè lo ìdérí ìkòkò. Àfi àwo mi!"

"Òkúta ní òdòdó ni?"

Bí Ìyá bá sì ti ṣe tán lórí ọ̀rọ̀ àwo, á bọ́ sórí ọ̀rọ̀ kútẹ́ẹ̀sì. Láti ìgbà tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti rọ, Bàbá ló ń bá a kùn ún ní àràárọ̀ Sátidé, lórí bẹ́ǹṣì tó wà létí omi. Ẹ wo ọkùnrin tó ń bá igi jà, tó di búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín mú, tó ń mí wúúwúú sí èékánná obìnrin kó lè gbẹ. Síbẹ̀ Ìyá kò dúpẹ́. "Èékánná mẹ́wàá péré ni mo ní," á ní. "Báwo ni ìgò kan ṣe ń yára tán báyìí? Ṣé ẹ ń mu ún ni?"

"Oòrùn ló jẹ ẹ́," Bàbá á dáhùn.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìtọ̀ yẹn, alága ní kí Bàbá wá tọrọ àforíjì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kó kó ẹrù rẹ̀. Ìyá pè é jókòó. Mo wà níbẹ̀. Kò pariwo lọ́jọ́ náà, ìyẹn gan-an ló sì dẹ́rù bà wá.

"Bàbá, ẹ wo ẹsẹ̀ mi," ó ní. "Ó ti ń tẹ ilẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnu yín gbà á lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ẹ lọ bá mi bẹ̀ ẹ́."

Bàbá wọ ẹ̀wù tó mọ́, ó lọ. Mo tẹ̀ lé e, torí mo mọ ẹni tí mo ń bá lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú alága. Inú mi dùn. Ó wá la ẹnu.

"Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé ẹ tọ̀ sínú omi."

"Kí lo wí?"

"Mo ní kí ẹ má bínú. Àgbà máa ń ṣe é. Ọmọdé náà máa ń ṣe é. Ohun tó dùn mí ni pé mo sọ ọ́ lójú àna yín. Ó yẹ kí n pè yín sẹ́yìn ògiri, kí n ní, 'Alága, ẹ ti tọ̀.'"

Obì ni a rán an lọ yọ. Gbogbo ọfà tó wà nínú apó ló kó dà sílẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, iṣẹ́ ti bọ́, alága sì ti fòfin dè é pé kò gbọ́dọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà mi mọ́.

Mo bínú débi pé mi ò bá a sọ̀rọ̀. Ìyá náà kò bá a sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà, èmi ni mo jókòó síbẹ̀, ta ni yóò wá sọ fún mi pé kí n má jẹ́ kí arọ wọlé? Ní àràárọ̀, Bàbá á mú ìyàwó rẹ̀ wá dé ọ̀dọ̀ mi, á dúró síta, Ìyá á sì fi ọ̀pá rẹ̀ wọlé lọ rìn nínú omi bó ti ń ṣe. Bàbá á wà níta, á máa na ọrùn bí ẹni tí wọ́n ti ilé rẹ̀ pa.

Alága kò gba ẹlòmíràn. Ó ní kí ló wà nínú omi tí òun ò lè pàṣẹ fún? Ó pàṣẹ fún ẹni tó ń tọ́jú òdòdó ọgbà pé kó dín kiloríìnì kù nítorí òórùn, kó sì máa pa ẹ̀rọ lọ́sàn-án nítorí ariwo. Wọ́n ní kó tú agogo ṣáwà náà, òun ni kò ráyè tú u. Àwọn èèyàn ń wọlé láìwẹ̀, wọ́n ń yọ̀, òróró ìpara wọn sì ń dán lójú omi. Kò pẹ́, omi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo já tíkẹ́ẹ̀tì fún Ìyá, ó wọlé, Bàbá dúró tì mí. Bí a ṣe gbọ́ igbe nìyẹn.

"Bàbá! Ẹ wá o! Wọ́n ti jí àwo mi!"

Bàbá gbàgbé òfin, ó fò kọjá lára mi. Ìyá ti ki ẹsẹ̀ kan bọ omi, ó ń na ọ̀pá sí ibi tó jìn. Bàbá wo omi, ó wò ó títí.

"Wọn ò jí i," ó ní. "Omi ti fọ́jú ni. Yọ ẹsẹ̀ ẹ. Má wọ̀ ọ́."

"Kí n má wọ̀ ọ́ kẹ̀?" Inú Ìyá ru sókè. "Ẹ fi ẹnu sọ iṣẹ́ nù, ẹ tún fẹ́ gba omi lọ́wọ́ mi? Ẹsẹ̀ ta ni? Ṣé tiyín ni?"

"Mi ò rí òdòdó. Ẹnikẹ́ni ò wọ̀ ọ́."

Ibẹ̀ ni alága bá wọn, òun àti àwọn àlejò rẹ̀, Bàbá Àna wà láàárín wọn. Ha! Ẹ ò bá wà níbẹ̀. Alága ń pariwo pé ta ló jẹ́ kí ọkùnrin yìí wọlé, èmi ń pariwo pé èmi ni, Ìyá ń pariwo pé kí wọ́n dá àwo òun padà, olùkọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ ẹgbẹ́ wa sì dúró láàárín, ó ń bẹ tọ̀tún bẹ tòsì. Bàbá na ọwọ́ sí omi.

"Alága, ẹ sọ fún mi, àwọ̀ wo ni òdòdó tó wà nísàlẹ̀ yẹn? Bí ẹ bá rí i, mo lọ nìyẹn, ẹ ò ní rí mi mọ́."

"Òdòdó wo? Kò sí nǹkankan níbẹ̀!"

"Ẹ ṣeun. Ẹni tí ẹ bá jẹ́ kó wọ ibẹ̀, bí ẹ ò ṣe ní rí òun náà nìyẹn."

Ìyá ló kọ́kọ́ dákẹ́. Ó ń wo ilẹ̀. "Bàtà ta nìyí?" ó bèèrè.

Bàtà ńlá méjì wà létí ibi tó jìn, táwẹ́ẹ̀lì wà lórí wọn, kò sí ẹni tó ni wọ́n. A wo ara wa. Alága ka àwọn àlejò rẹ̀ pẹ̀lú ojú, ojú rẹ̀ sì yí padà. "Àna mi," ó ní. "Àna mi dà?"

Ìjà wa ti sú ọkùnrin jẹ́jẹ́ náà, ó ti rọra gba àtẹ̀gùn ọ̀hún wọ omi lọ. A wo omi. Funfun ló ń wò wá padà.

Tòun ti ṣòkòtò, tòun ti fèrè ni Bàbá bẹ́ sínú rẹ̀. Ó jáde lọ́wọ́ òfo, ó mí, ó tún rì. Kò lè ríran, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi ń wá a. Ó mọ̀ pé ilẹ̀ púùlù náà ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sí ibi tí àwo wà, pé ohun tó bá já bọ́ síbẹ̀, ọ̀dọ̀ àwo ló ń yí lọ. Ìyá di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ rẹ̀ tí kò lágbára yẹn, ó fún un débi pé mo ké. Nígbà tí orí méjì yọ lójú omi, mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Olùkọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ tẹ ọkùnrin náà láyà, ó tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́, títí omi fi tú lẹ́nu rẹ̀, tó sì wúkọ́. Ó lajú. Bàbá tẹ̀ mọ́ ọn, omi ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀. A rò pé yóò kí i kú ewu.

"Ẹ wẹ̀ kí ẹ tó wọlé?"

Bàbá Àna wo ojú rẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ojú ikú bọ̀ kì í purọ́. "Mi ò wẹ̀," ó ní.

Ó bọ́ lọ́wọ́ wa, a bú sẹ́rìn-ín, ẹkún sì wà nínú rẹ̀. Bàbá Àna di ọwọ́ alága mú. "Àna mi, bí ẹ bá lé ọkùnrin yìí, ẹ ka èmi náà mọ́ ọn." Alága kọjú sí Bàbá. Ó ní, "Padà sẹ́nu iṣẹ́ ẹ." Bàbá ní, "Mo ti padà. Gbogbo yín, ẹ jáde."

Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ wa. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ara ògiri tó ti ń yọ̀, ó tan ẹ̀rọ kò pa á, ó dá omi padà gba inú iyanrìn tí ẹ̀rọ fi ń sẹ́ omi kọjá títí ìdọ̀tí fi ṣàn jáde tán, ó sì ń da kiloríìnì sí i ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí oòrùn kò ní lè jẹ ẹ́. Ní gbogbo ìgbà yẹn, Ìyá kò rí omi rìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tún ń le. Bàbá ń fi aṣọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́ nílé, àwọn méjèèjì ń bú ara wọn bí wọ́n ti ń ṣe é. Ọjọ́ tí òdòdó yọ, ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ mú wá wò ó.

"Mo rí i," Ìyá ní. "Ó pọ́n dáadáa. Ẹ gbé e jáde fún mi wàyí."

"Ìgbà tí mo bá kú, kí o gbé e."

Ó wá kú lóòótọ́, aláìgbọràn. Ikọ́ ló bẹ̀rẹ̀. Àìmọye ìgbà ni mo sọ fún un pé kó bo imú bó bá ń da kiloríìnì, torí ìyẹ̀fun rẹ̀ kò dára fún àyà. Ó ní òun àti kẹ́míkà ti mọwọ́ ara wọn. Ẹni tó ń lé gbogbo ayé lọ wẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lé òun lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ìgbà tó fi dé ọsibítù, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Nọ́ọ̀sì gbé omi mímu fún un nínú gíláàsì, Bàbá gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó bi í pé, "Ẹ ti dán an wò?" Mo rẹ́rìn-ín. Inú ń bí mi sí i títí di òní olónìí, mo sì rẹ́rìn-ín.

Níbi ìsìnkú, alága dìde, ó ní olóògbé jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́ tí kì í pariwo. Jẹ́jẹ́! Mo fẹ́ dìde, Ìyá fi ọ̀pá dá mi dúró. "Fi í sílẹ̀," ó ní. "Oòrùn ti jẹ ọpọlọ rẹ̀."

Lẹ́yìn náà, Ìyá wá síbẹ̀ láàárọ̀ Sátidé kan. Olùkọ́ ìlúwẹ̀ẹ́, ẹni tí Bàbá kọ́ níṣẹ́ tèébútèébú, ló ti ń tọ́jú omi, omi náà sì mọ́. Ìyá kò kí ẹnikẹ́ni. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, èékánná rẹ̀ funfun lásán, kò sẹ́ni tó kùn wọ́n láti ìgbà tí Bàbá ti dùbúlẹ̀.

"Ẹ lọ gbé àwo mi wá," ó ní. "Ọkùnrin yẹn ní kí n gbé e bí òun bá kú. Ó ti kú. Kí n kúkú gba ohun kan lọ́wọ́ rẹ̀."

Olùkọ́ rì lọ sísàlẹ̀, ó gbé e jáde. Ìyá fi etí aṣọ nù ún, ó ń bú Bàbá lábẹ́lẹ̀ bó ti ń nù ún. Ó dákẹ́ lójijì. Ó fi ìka kan òdòdó náà. Ó fi èékánná ha á díẹ̀, pupa sì ṣí kúrò, funfun ló wà lábẹ́ rẹ̀. Omi ti jẹ òdòdó ti ìgbéyàwó tán, ó ti pẹ́, kò ku ẹyọ kan. Èyí tí a ń rí, kútẹ́ẹ̀sì ni. Wọ́n ti kùn ún léra léra títí ó fi nípọn bí ìpẹ́ ẹja, ewé òdòdó náà lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọwọ́ ẹni tó ní sùúrù.

"Bàbá yìí," Ìyá ní. "Ó ní oòrùn ló jẹ ẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín náà fi di ẹkún, mo jókòó tì í, àwa méjèèjì ń fi aṣọ kan nu ojú. Lẹ́yìn náà, ó na ọwọ́ sínú báàgì, ó mú ìgò kútẹ́ẹ̀sì rẹ̀ jáde. Ọwọ́ òsì ló fi kun òdòdó náà. Ó wọ́ díẹ̀, ewé kan tóbi ju èkejì lọ. Ó mí wúúwúú sí i kó lè gbẹ.

"Ẹ dá a padà síbi tó fi í sí," ó ní.

Olùkọ́ gbé e rì lọ. Alága wọlé lásìkò náà, táwẹ́ẹ̀lì wà léjìká rẹ̀, ó forí lé omi tààrà. Ìyá fi ọ̀pá dábùú ọ̀nà rẹ̀.

"Alága. Ẹ lọ wẹ̀!"

Alága dúró. Ó wò ó, ó wo omi, ó yí padà lọ sábẹ́ ṣáwà. A gbọ́ agogo. Nígbà tó jáde, omi ń kán lára rẹ̀, ó fẹ́ kọjá, ṣùgbọ́n Ìyá kò tíì gbé ọ̀pá kúrò. Ẹni tó fẹ́ ọkùnrin yẹn kò lè gba agogo nìkan gbọ́. Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, èyí tó ti rọ, sókè díẹ̀díẹ̀.

Alága aláṣẹ, ẹni tó ń ta sìmẹ́ǹtì, tẹ orí ba, ó sì gbé ẹ̀yìn etí fún un.